Bíborí Lẹ́ẹ̀kan Kò Tó Ẹ̀rí

Bí ẹnì kan bá tún ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ṣe, tí tuntun sì na ti àtijọ́ ní 55 sí 45 nínú ayò 100, kó má tíì jó. Ẹ ju owó ẹyọ sókè nígbà 100: kò ṣọ̀wọ́n kí ojú kan hàn nígbà 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tún owó náà ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ètò ṣẹ́ẹ̀sì Stockfish fi ń lo ètò ìdánwò Fishtest láti 2013. Àwọn olùyọ̀ǹda káàkiri ayé ń fi kọ̀ǹpútà wọn sílẹ̀, tuntun àti àtijọ́ á sì fìgagbága lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ta ìbẹ̀rẹ̀ ayò kọ̀ọ̀kan: ẹni tó kọ́kọ́ mú funfun á wá mú dúdú. Ìṣirò ń ṣọ́ èsì bó ṣe ń wọlé, ìgbà tí ẹ̀rí bá sì tó ni ìdánwò ń parí.

Àwọn kan á ní ayò oníṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kò lè fi agbára ètò hàn nínú ayò gígùn. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí àtúnṣe tó bá yege fi ń lọ sí ìpele kejì, níbi tí àkókò ti pọ̀ sí i. Ẹlòmíràn á ní ojú ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ti tó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àbá tó mọ́gbọ́n dání ló ń já kulẹ̀, nítorí ọgbọ́n tuntun tó bá dín iyára ètò kù lè pàdánù ju ohun tó jèrè lọ. Èrè bíńtín ni àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sábà máa ń mú wá. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n dáadáa lè máa kó àdánù jọ lórúkọ èrè.