Ìwádìí Adrian Stokes lórí Ibà Pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní Yábàá

Èròjà agbóguntàrùn ni ohun tí ara máa ń pèsè sínú ẹ̀jẹ̀ láti dojú ìjà kọ àrùn. Ní ọdún 1925, Àjọ Rockefeller dá ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sílẹ̀ ní Yábàá, nítòsí Ọ̀yìngbò. Adrian Stokes, onímọ̀ àrùn ọmọ ilẹ̀ Ireland, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ fún un.

Ní ọdún 1927, a fi ẹ̀jẹ̀ Asibi, aláìsàn kan ní Gold Coast (Gánà òde òní), gún ọ̀bọ. Ọ̀bọ náà kú, Asibi yè. Stokes, Bauer àti Hudson wá rí i pé omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà ń dáàbò bo ọ̀bọ. Agbóguntàrùn inú rẹ̀ ni ó fa èyí.

Àmọ́ àrùn yìí kan náà pa Stokes ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Agbóguntàrùn àyálò kì í pẹ́ lára. Èyí tí ara fúnra rẹ̀ pèsè ni ó ń tọ́jọ́. Ìdí nìyí tí Max Theiler fi sọ kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ Asibi di aláìlágbára, tí ó sì di abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọdún 1937. Òun ni a ṣì ń gbà títí di òní.