Ọrùn Ló Ń Sọ Fún Ojú: Ẹ Jẹ́ Ká Tọ́jú Rẹ̀

 

Ẹ wo obìnrin tó ru igbá láfún ní Láfẹ́nwá, tàbí èyí tó gbé ìdì àdìrẹ lérí ní Ìtòkú. Kò fọwọ́ kan ẹrù náà rárá. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́ olókùúta, ó ń yẹra fún ọ̀kadà, ó ń dá oníbàárà lóhùn, ẹrù kò sì mì. A máa ń sọ pé orí ló ru ẹrù. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọrùn ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Nínú etí wa lọ́hùn-ún, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí omi wà nínú wọn ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí orí bá yí, omi yìí á sún, ọpọlọ á sì mọ̀. Ṣùgbọ́n etí nìkan kò lè mọ̀ bóyá orí ló dá yí tàbí gbogbo ara. Ọrùn ló ń sọ ìyẹn. Àwọn iṣan kéékèèké kan wà lábẹ́ ìpàkọ́, níbi tí orí ti jókòó lé ọrùn. Wọn kò tóbi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ fún ọpọlọ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ iṣan ara lọ.

Ẹ dán an wò. Ẹ gbé ìwé yìí síwájú, kí ẹ mi orí sọ́tùn-ún sósì. Ẹ ṣì ń kà á, àbí? Wàyí o, ẹ dá orí dúró, kí ẹ wá mi ìwé náà kíákíá. Lẹ́tà á dàrú mọ́ yín lójú. Nígbà tí orí ń mì, etí ló ń sọ fún ojú pé kó yí sí òdìkejì, ọrùn sì ń ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́rù fi ń rí òkúta kedere bó ti ń rìn.

Lọ́dún 1977, àwọn oníṣègùn kan ròyìn ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n gún àwọn kan lẹ́yìn ọrùn ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú, irú èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ yọ eyín. Etí wọn kò ní àrùn, ẹsẹ̀ wọn kò ní àrùn. Síbẹ̀ wọ́n ń ta gbọ̀ngbọ́n bí ẹni tó mu ẹmu yó, ó ń ṣe wọ́n bíi kí wọ́n ṣubú. Ti ehoro àti ológbò, ẹyinjú wọn ń lọ ń bọ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Bí ẹrù bá ti dá ọrùn lágara, iṣẹ́ tó ń jẹ́ fún ọpọlọ lè dàrú, kí òòyì sì kọ́ni. Kì í ṣe gbogbo òòyì ni ọwọ́ ayé. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ti ọrùn: ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà á, àìtó ẹ̀jẹ̀ ń fà á, àrùn etí náà ń fà á. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ìwọ̀nyí wò ná.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Ẹ ká òṣùká dáadáa, kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ pín ẹrù sí méjì, tàbí kí ẹ pe oníbárò. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan bá yín gbé e rù, kó sì bá yín sọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá pè yín lẹ́yìn, gbogbo ara ni kí ẹ yí, kì í ṣe ọrùn nìkan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára yí yín lọ́rùn kó lè dún. Iṣan ẹ̀jẹ̀ lè ya níbẹ̀.

Bí òòyì bá dé lójijì, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tàbí tí apá kan rọ, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má pàtẹ, ẹ má dúró gba owó lọ́wọ́ oníbàárà.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹrù á dé ọjà, ẹni tó rù ú náà á délé. Ọjà á tà o.