Kí ni Iṣẹ́? Ìṣòro Ìtumọ̀ nínú Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Onímọ̀ Occupational Therapy

Bí a bá bi ìyá àgbàlagbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, iṣẹ́ wo ni ẹ fẹ́ kí a ràn yín lọ́wọ́ kí ẹ lè tún máa ṣe?", ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn pé òun ti fẹ̀yìn tì, tàbí pé ọmọ òun ni ó ń bójú tó ìsọ̀ òun báyìí. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí olùbéèrè ń wá nìyẹn. Olùbéèrè fẹ́ mọ bí màmá ṣe ń wẹ̀, bí ó ṣe ń ró ìró, bí ó ṣe ń dìde lórí ibùsùn, àti ohun tí ó máa ń ṣe láàárọ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́ tán. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, iṣẹ́, ṣe lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, àti ìdí tí ó fi yẹ kí àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá bá àwọn tí ń kọ́ occupational therapy dá sí i.

Ọ̀rọ̀ náà àti ìtàn rẹ̀

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní occupation nínú ẹ̀kọ́ yìí gbòòrò ju iṣẹ́ tí ń mówó wọlé lọ. Ohunkóhun tí ó bá ń gba àkókò ènìyàn, tí ó sì ní ìtumọ̀ fún un, wà lábẹ́ rẹ̀: ìwẹ̀, oúnjẹ sísè, eré ọmọdé, ìsìn, ìbẹ̀wò ẹbí. Ojúṣe onímọ̀ occupational therapy ni láti ran ẹni tí àìsàn, ìjàǹbá, ọjọ́ ogbó tàbí ìpèníjà ara ti dí lọ́wọ́ kí ó lè padà sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, yálà nípa kíkọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn, nípa irinṣẹ́, tàbí nípa títún ilé rẹ̀ ṣe. Ibi tí ó ti yàtọ̀ sí onímọ̀ físíò nìyí. Onímọ̀ físíò ń wá bí agbára yóò ṣe padà sí apá. Onímọ̀ occupational therapy ń béèrè ohun tí ẹni tí ó ni apá fẹ́ fi í ṣe.

Nínú èdè Yorùbá, iṣẹ́ fà sí ọ̀dọ̀ ajé. Iṣẹ́ òòjọ́ fà sí ibẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbòkègbodò sún mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n lílọ àti bíbọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń mú wá sí ọkàn; ẹni tí ó jókòó lábẹ́ igi tí ó ń ta ayò kò sí nínú ìgbòkègbodò kankan, bẹ́ẹ̀ occupation gidi ni ayò títa. Ìṣe ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí àṣà àti ìwà. A fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Kì í ṣe pé Yorùbá kò lè sọ ọ́. Bí a bá sáré sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà yóò bo ìṣòro tí a fẹ́ yẹ̀ wò mọ́lẹ̀.

Orúkọ náà kò tíì pẹ́. George Edward Barton, ayàwòrán-ilé ará Amẹ́ríkà tí apá kan ara òun fúnra rẹ̀ ti rọ rí, ni a máa ń kà sí ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ní 1914. Ilé rẹ̀ ní Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1917. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà Elizabeth Casson dá ilé ẹ̀kọ́ Dorset House sílẹ̀ ní Bristol ní 1930. Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Aró ní Abẹ́òkúta. Ní 1954, T. A. Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ nínú èyí tí àwọn alárùn ọpọlọ ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nínú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú, tí wọ́n sì ń bá ayé abúlé lọ. Dókítà ọpọlọ ni Lambo, kì í ṣe onímọ̀ occupational therapy. Síbẹ̀, ó yé e pé oko, ìdáná àti ìkíni lè jẹ́ ara ìtọ́jú.

Ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà

Ní Bìrìtéènì, ẹni tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn lè gba oyè ìkejì tí ó máa ń gba ọdún méjì, tí yóò sì fún un láyè láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé wọn kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní occupational therapist, òfin ni. Ní Amẹ́ríkà, oyè ìkejì tàbí oyè dókítà ni wọ́n fi ń wọlé, lẹ́yìn náà ni ìdánwò NBCOT àti ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀. Ní Nàìjíríà, oyè àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ń gbà wọlé, fún àpẹẹrẹ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí òfin 1988 gbé kalẹ̀ ni ó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ibi yòówù kí ènìyàn ti kọ́ ọ, àjọ àgbáyé WFOT béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ó kéré tán 1,000 wákàtí lẹ́nu iṣẹ́, lọ́dọ̀ aláìsàn, lábẹ́ ojú ẹni tí ó ti mọṣẹ́. Nínú wákàtí wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ èdè ti ń di ọ̀rọ̀ gidi.

Ọwọ́ òsì, eékún àti òkété

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọwọ́ ọ̀tún ìyá tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni ó rọ. Ìwé yóò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó kọ́ ọ láti máa fi ọwọ́ òsì jẹun, kí ó sì máa fi í gba nǹkan. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Màmá lè mú ṣíbí dáadáa lójú akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì sọ pé ebi kò pa òun nígbà tí àlejò bá wà, títí gbogbo ilé yóò fi dá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ lè kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ní ìfẹ́ sí ìtọ́jú, ohun tí a bá sì ti kọ sínú ìwé aláìsàn kì í tètè kúrò níbẹ̀. Àṣà náà kò ṣàì ní ọ̀nà àbáyọ: Yorùbá máa ń tọrọ àforíjì kí wọ́n tó fi ọwọ́ òsì nawọ́ nǹkan, ènìyàn sì lè fi òsì gbé ọ̀tún kí ọwọ́ méjèèjì jọ gba ohun náà. Èyí kejì wúlò fún apá tí ó rọ pàápàá, nítorí kò jẹ́ kí a pa á tì.

Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ṣe ní Kánádà, COPM, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bá pàdé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pín ohun tí ènìyàn ń ṣe sí mẹ́ta: ìtọ́jú ara ẹni, iṣẹ́ àmúṣe, àti fàájì. Aláìsàn yóò mú ohun tí ó ṣòro fún un, yóò sì fún un ní máàkì láti 1 dé 10, ní ti bí ó ṣe ń ṣe é àti bí ó ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo fẹ́ràn ìwé yìí, nítorí aláìsàn ni ó ń yan. Ṣùgbọ́n níbo ni a ó fi ìkúnlẹ̀ sí? Obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní eékún, tí kò lè kúnlẹ̀ kí àwọn àna rẹ̀ mọ́, ti pàdánù ohun kan tí kì í ṣe ìtọ́jú ara, tí kì í ṣe iṣẹ́, tí kì í sì í ṣe fàájì. Fàájì gan-an kò rọrùn: bí a bá bi àgbàlagbà léèrè nípa fàájì rẹ̀, ó lè rò pé a ń fi ẹ̀sùn ayẹyẹ àti ìnákúnàá kàn án.

Èyí tí ó le jù ni ọ̀rọ̀ òmìnira. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ yìí ni ó gbà pé ìtọ́jú yọrí sí rere nígbà tí aláìsàn bá ń dá ṣe gbogbo nǹkan. Òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìyá kan ní London tí ọmọ rẹ̀ ń wẹ̀ fún lè máà ka ìyẹn sí àdánù rárá. Ó lè kà á sí èrè ọmọ títọ́. Michael Iwama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ti gbé irú àríwísí yìí dìde. Nínú ìwé tí ó jáde ní 2006 ni ó ti ṣàlàyé àwòṣe Kawa, tí ó fi odò ṣàpèjúwe ayé ènìyàn: omi ń ṣàn, àpáta ń dí i, ìsàlẹ̀ àti etí odò sì ni àwọn ènìyàn àti àyíká tí ó yí i ká. Kò yẹ kí a kàn gbé odò náà wá sí ilé wa bí ó ṣe wà. Ìgboyà tí ó fi bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè àti ìrònú tirẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́.

Ìbéèrè tí èmi yóò dámọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nínú: "Nígbà tí ara yín le, mà, láti ìgbà tí ẹ bá jí, báwo ni ilẹ̀ ṣe máa ń ṣú bá yín?" Ìdáhùn rẹ̀ máa ń gùn. Àdúrà àárọ̀, orógùn, ọmọ-ọmọ, ìpàdé ẹgbẹ́ àti òkú tí ó yẹ kí a lọ bá wọn sin yóò jáde níbẹ̀. Àkókò tí ilé ìwòsàn yà sọ́tọ̀ fún ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ kì í sábà gbà á tán, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bá olùdarí rẹ̀ sọ èyí kí ó tó wọlé.