Ta Ló Ń Jèrè Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Yàrá Ìwádìí Ìgbọ́ràn?

Lọ́dọọdún ni àwọn yàrá ìwádìí ìgbọ́ràn ní yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń kéde pé àwọn ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́. Irú ètò yìí ti pẹ́. MIT ti ní tirẹ̀ láti 1969. Owó ni àríyànjiyàn kò tíì tán lórí rẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ etí rẹ̀ wò jókòó sínú yàrá kékeré tí ariwo ìta kò lè wọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà níta lẹ́yìn fèrèsé onígíláàsì. Ohùn 1000 hertz ló máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Bí ẹni inú lọ́hùn-ún bá gbọ́, á tẹ bọ́tìnnì, akẹ́kọ̀ọ́ á sì fi decibel 10 dín ohùn náà kù. Bí kò bá gbọ́, á fi 5 kún un. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe é títí yóò fi mọ ohùn tó kéré jù tí etí yẹn lè gbọ́, kó tó bọ́ sí etí kejì. Bí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣáko lọ díẹ̀, àkọsílẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Irú àkọsílẹ̀ yìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbé ìwádìí tó ń tẹ̀ jáde lé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ yàrá kì í san kọ́bọ̀, kírédíìtì ni wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ owó ilé-ìwé tirẹ̀ ló fi ra kírédíìtì náà. Àwọn tó ń gbèjà ètò yìí ní ọmọ iṣẹ́ kì í gbowó oṣù, àti pé kíkọ́ ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ ń gba àkókò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá mọyì ọmọ iṣẹ́ a máa fi àṣírí iṣẹ́ hàn án. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ohùn ránṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin ọdún, tí kò mọ ìbéèrè tí ìwádìí náà fẹ́ dáhùn, kí ni wọ́n kọ́ ọ?

Ohun tó ká mi lára jù ni pé oyè àkọ́kọ́ kò tó láti fi di oníṣègùn etí lọ́hùn-ún. Ó di kí èèyàn gba oyè dókítà. Ìrírí yàrá ìwádìí sì máa ń gbe ẹni tó bá ń wá àyè wọlé. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ kó lè rí owó ilé san, ìgbà wo ni yóò ráyè ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́?

Àjọ ìjọba àpapọ̀, National Science Foundation, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní REU, tó ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgbà ìsinmi. Àmọ́ ọmọ onílẹ̀ àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé nìkan ni owó náà wà fún. Ọmọ Nàìjíríà tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé kò sí lára wọn.