Aláboyún àti Ife Tíì Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ní ọ̀pọ̀ ilé wa, tíì gbígbóná àti búrẹ́dì ni oúnjẹ òwúrọ̀. Bí ìyàwó ilé bá wá lóyún, àwọn kan á ní kó máa mu tíì kí èébì lè rọlẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kó má fẹnu kàn án mọ́. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Tíì kì í ṣe májèlé. Ife kan tàbí méjì lóòjọ́ kò burú fún aláboyún. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tó yẹ ká ṣọ́.

Èkíní ni kaféìnì, èyí tó ń lé oorun lọ lójú ẹni. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba aláboyún tí tirẹ̀ bá ń ju mìlígíráàmù 300 lọ lóòjọ́ níyànjú pé kó dín in kù, kí oyún má baà bàjẹ́, kí ọmọ má sì kéré jù nígbà ìbí. Ife tíì kan máa ń ní bíi 40 sí 50; kọfí máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbàgbé obì o! Kaféìnì wà nínú òun náà. Ẹni tó mu tíì láàárọ̀, tó tún jẹ obì lọ́sàn-án, kó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Tíì kì í jẹ́ kí ara rí irin inú oúnjẹ gbà dáadáa, bẹ́ẹ̀ irin yìí ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibà pẹ̀lú ń jẹ ẹ̀jẹ̀ lára. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, bí ẹ̀jẹ̀ bá dà lára rẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ewu ńlá ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi tíì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí àgbẹ̀bí fún yín. Ẹ fi omi lò ó, tàbí omi ọsàn. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ tó mu tíì.

Ewé tíì tí à ń já lẹ́yìnkùlé kò ní kaféìnì. Àgbo ni ọ̀ràn rẹ̀ yàtọ̀: ẹ bi àgbẹ̀bí kí ẹ tó mu èyíkéyìí.

Ẹ̀yin bàbá, búrẹ́dì àti tíì nìkan kò tó aláboyún í jẹ. Ẹ wá owó ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.