OLÓWÓ KÉTU NÍ ÌLÚ AWAKÙSÀ

 

Gbogbo àwa tí à ń ná ọjà Mile 12 la mọ Irish, pòtétò òyìnbó tí ọkọ̀ ń já sílẹ̀ pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì. A mọ̀ pé láti ọ̀nà Jọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n àwa mélòó ló ti dé ibi tí wọ́n ti ń wà á? Ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa dé ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ síbí kí àwọn yòókù lè fi kọ́gbọ́n, kí a ṣáà má dárúkọ òun.

Ẹni tí à ń wí yìí kì í ṣe tálákà. Ó ní ilé ní Kétu, ó sì ní ìsọ̀ tó ń gba owó rẹ̀ ní Ìkòsí. Ó wò ó pé àwọn alágbàtà ló ń jẹ èrè orí Irish, ó ní òun yóò lọ rà á lẹ́bàá oko. Ó yá owó ẹgbẹ́ kún tirẹ̀, àwọn mẹ́ta sì ṣe onídùúró fún un. Ó di Barkin Ladi, ìlú awakùsà kan ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ọ̀nà tó ju kìlómítà 800 lọ sí Èkó.

Òtútù ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, nítorí ilẹ̀ gíga ni ilẹ̀ wọn. Ó gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì ní Jọ́ọ̀sì, ó háyà mọ́tò tó ń gbé e lọ láràárọ̀. Kì í sọ̀kalẹ̀. Ojú fèrèsé ló ti ń béèrè pé, "Èló ni?" Àwọn àgbẹ̀ wo mọ́tò, wọ́n wo aago ọwọ́ rẹ̀, wọ́n dá iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Mile 12 lé e. Ó rà á bẹ́ẹ̀.

Àkókò òjò ni. Bàbá àgbẹ̀ kan gbà á nímọ̀ràn pé kó jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ síbi ibòji fún ọjọ́ mélòó kan kó gbẹ, kí wọ́n ṣa èyí tí ọkọ́ gé kúrò, kí wọ́n tó dì í sápò. Ó rò pé bàbá náà fẹ́ dá òun dúró kó lè fi owó lé e ni. Ó ní kí wọ́n kó o sọ́kọ̀. Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin èèyàn wa, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ Mile 12 kí ọkọ̀ tó wọlé.

Àwọn onídùúró kò sùn. Ọ̀kan nínú wọn ń ta ata, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ló wà nínú ìfowópamọ́ tó fi dúró. Nígbà tí ìgbìmọ̀ pè wọ́n jọ, ọkùnrin yìí ní òun kò tún dé ibẹ̀ mọ́, pé ọ̀dájú ni wọ́n. Aláta yìí ló dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń kó tòmátì bọ̀ láti Òkè Ọya, tó bá kọ́kọ́ dé Mile 12, ṣé inú mọ́tò ló ń jókòó sí? Ṣé kì í wá onílé tí yóò gbà á ni?" A fún un láàyè oṣù díẹ̀ sí i.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí wọ́n fi ń wo olówó àlejò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kí òyìnbó tó dé ni wọ́n ti ń yọ́ tánganran ní agbègbè yẹn. Lẹ́yìn 1900 ni àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó dé, tí wọ́n gba ilẹ̀, tí wọ́n ń wà á. Nítorí rẹ̀ ni ojú irin fi dé Bukuru ní 1914. Àwọn èèyàn wa náà bá a lọ, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà ogun Hitler, láàárín 1942 sí 1944, ìjọba òyìnbó fi ipá kó nǹkan bí 100,000 èèyàn wá síbi kùsà náà, púpọ̀ kò sì padà sílé. Ní 1985, owó tánganran já wálẹ̀ lágbàáyé, àwọn kọ́ńpìnnì palẹ̀ mọ́. Kòtò ni wọ́n fi sílẹ̀. Òjò kún àwọn kòtò yẹn, wọ́n di adágún, omi inú wọn sì ni àwọn àgbẹ̀ ń fi ẹ̀rọ fà sí oko Irish lẹ́ẹ̀rùn. Irish fúnra rẹ̀, òyìnbó ló mú un wá. Ṣé ẹ rí i, olówó tó wá, tó kó, tó sì lọ, kì í ṣe tuntun lójú wọn.

Nígbà tí ọkùnrin wa padà, kò wọ òtẹ́ẹ̀lì. Ó dé sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí síbẹ̀, tó gbọ́ Hausa àti èdè Berom. Ìyá ní, "Ọmọ mi, má mú owó jáde lónìí." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kí èèyàn kiri. Ó ra súwẹ́tà, ó jẹ acha, oúnjẹ wọn. Ó bá bàbá ọjọ́sí létí adágún, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá sáré gbé e dìde, ó rò pé ó ṣubú ni! Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti sọ, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀. Irish tó tibẹ̀ wá gbẹ kanranjángbọ́n. Lẹ́yìn ọkọ̀ kẹrin, ó san gbèsè ẹgbẹ́ tán, aláta sì rí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ san.

Àwa náà ti mọ ohun tí àìgbọ́ra-ẹni-yé ń fà. Nígbà tí ìjà Yorùbá àti Hausa bẹ́ ní Mile 12 ní March 2016, ìjọba ti ọjà pa, ẹni tó jà àtẹni tí kò jà ló pàdánù.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ ra ọjà lókè nínú wa, kó kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, kó wá onílé, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Kó sì rántí pé tí òun bá yá owó, ọmọ ẹlòmíràn lè wà nílé ìwé lórí owó náà.