Ara Ọkọ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Rà

Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò asáré àtijọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ìdí bóńẹ́ẹ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ gbà lọ. Á ní kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sáná sí ẹ́ńjìnnì, á dẹtí, á máa mi orí. Ẹni tó ń tà á náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, ìdí nìyẹn tó fi fọ ẹ́ńjìnnì náà tónítóní kí oníbàárà tó dé. Iṣẹ́ páńẹ́lì bítà ni mo kọ́ n'Íbàdàn. Òun náà ni mo fi ń jẹun nílùú London lónìí, MGB sì ni ọwọ́ mi ń kàn jù nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí léèrè: ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ná, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀.

MGB ni n ó fi ṣàlàyé, torí òun ni mo máa ń ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà. Ìlú Abingdon, tí kò jìnnà sí Oxford, ni wọ́n ti ń ṣe é, láti 1962 títí tí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ náà pa lọ́dún 1980. Èyí tí wọ́n ṣe jáde lé ní 500,000. Nítorí pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àtorí bọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ dé orí odidi ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣì ń ṣe lọ́tun tà. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: èyí tó ní òrùlé aṣọ tí wọ́n lè ká sẹ́yìn, àti GT tó jáde lọ́dún 1965, tó ní òrùlé irin, àwọn Pininfarina ará Ítálì lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe ya ti GT yẹn. Ẹ́ńjìnnì 1,798 cc ló wà nínú méjèèjì, ó sì lè sáré kọjá 100 máìlì ní wákàtí kan díẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ tí ìyá ọlọ́mọ fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé lè fi í sílẹ̀ lójú títì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan nígbà tí oòrùn yọ, tí òrùlé ti ká sẹ́yìn, tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, tó ń gbọ́ bí jíà ṣe ń wọlé lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò ní bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí.

Kí ló wá jẹ́ kí ara ṣe pàtàkì ju ẹ́ńjìnnì lọ? MGB kò ní ṣáásì. MGA tó ṣáájú rẹ̀ ní ṣáásì irin tí wọ́n gbé ara lé, ṣùgbọ́n ní ti MGB, ara fúnra rẹ̀ ló ń gbé gbogbo ẹrù. Ibi tí agbára yẹn pọ̀ sí jù ni irin abẹ́ ilẹ̀kùn, lọ́tùn-ún àti lósì, láti ẹ̀yìn táyà iwájú títí dé iwájú táyà ẹ̀yìn. Ẹni tó ń wò ó láti òde á rò pé irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni. Rárá o. Àpótí gígùn ni, irin tòde, irin inú, àti èyí tó dúró láàárín wọn ni wọ́n jó pọ̀ di ọ̀kan. Inú àpótí yìí ni omi òjò àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ń wọ̀ sí, ibẹ̀ ni irin sì ti ń dógùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: nígbà tí ìpẹtà bá fi máa yọ sóde bí eéwo kékeré lábẹ́ ọ̀dà, inú ti jẹrà tán. Ti GT ṣì sàn díẹ̀, torí òrùlé irin á ràn án lọ́wọ́. Èyí tí kò ní òrùlé, tí irin abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ti rọ̀, àárín ọkọ̀ á tẹ̀.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Mo máa ń kọ́kọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n ó ti ilẹ̀kùn pa, n ó wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà ẹ̀yìn. Ó yẹ kí àlàfo yẹn dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá há lókè tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, ọkọ̀ ti ń tẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà n ó ní kí wọ́n fi jáàkì gbé e sókè, níbi tí ilé iṣẹ́ dìídì ṣe fún jáàkì lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe ibòmíì. N ó tún ṣí ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí wẹ́rẹ́ nígbà tó wà nílẹ̀ bá wá ń há, tàbí tí irin bá ń ké rì-ì-rì lórí jáàkì, mi ò tún ní kí wọ́n sáná sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́.

Bó bá yege níbẹ̀, òòfà ló kàn. Mo máa ń fi aṣọ rírọ̀ wé e kó má baà ha ọ̀dà, n ó wá máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lórí irin abẹ́ ilẹ̀kùn àti ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà, iwájú àti ẹ̀yìn. Ibi tó bá ti gbá mú, irin ni. Ibi tó bá ti já bọ́ sí mi lọ́wọ́, pọ́tì ni wọ́n fi dí ihò, wọ́n sì kun ọ̀dà lé e. N ó ká kápẹ́ẹ̀tì tó wà níbi ẹsẹ̀, n ó ká ti ẹ̀yìn ìjókòó pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni bátìrì ń gbé. Bátìrì 6-volt méjì ni àwọn tí wọ́n ṣe títí di 1974 ń lò, ásíìdì wọn a sì máa jẹ àpótí tí wọ́n jókòó sí.

Ọgbọ́n àyínìke kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Àwọn kan máa ń jó irin tuntun bo irin jíjẹrà mọ́lẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti pààrọ̀ rẹ̀. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn yìí gba abẹ́ fẹ́ńdà kọjá níwájú àti lẹ́yìn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ gbọ́dọ̀ tú fẹ́ńdà iwájú kúrò, kó sì gé ìsàlẹ̀ ti ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀tì ló so fẹ́ńdà iwájú mọ́ ara. Bí wọ́n bá ní àwọn ti pààrọ̀ irin yìí, tẹ́ ẹ sì rí i pé ọ̀dà tọ́jọ́ ti pẹ́ ṣì bo orí bọ́ọ̀tì fẹ́ńdà náà, tí kò sí spánà tó kàn án rí, ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Peckham, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, wá fi fọ́tò MGB pupa kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ ẹ̀ rí i bó ṣe ń dán? Wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbogbo ara rẹ̀ ṣe ni.”

“Ó dáa. Fọ́tò ìgbà tí wọ́n ń tún un ṣe dà?”

“Wọn ò fún mi ní fọ́tò kankan.”

“Rìsíìtì ńkọ́?”

“Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn ló bá àwọn ṣe é, Bọ̀dá.”

Mo bá a lọ wò ó. Òòfà já bọ́ ní ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà méjèèjì tẹ̀yìn. Ọ̀dà pupa náà dára lójú lóòótọ́, ojú ọmọ náà kò kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Èyí tó padà rà, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ìjókòó rẹ̀ ti ya, abẹ́ rẹ̀ sì le koko. Inú mi dùn sí i gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó ṣàlàyé rẹ̀. Láti 1988 ni British Motor Heritage ti ń tẹ ara MGB tuntun jáde. Ara lásán ni o, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní jíà, kò ní ìjókòó, owó rẹ̀ sì ju £10,000 lọ. Ẹ lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra odidi MGB tó dáa tó ń rìn. Ẹni tó ra ọkọ̀ ẹ̀dínwó tí ara rẹ̀ ti jẹrà, ó máa ná owó yẹn náà kó tó gbádùn rẹ̀. Ẹ má tíì fojú sí V8 tàbí MGC, àwọn ìbátan rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn tóbi jù, tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí bọ́ńpà rẹ̀ jẹ́ rọ́bà dúdú, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1974 nítorí òfin Amẹ́ríkà, máa ń dínwó ju èyí tí bọ́ńpà rẹ̀ jẹ́ irin dídán lọ. Wọ́n gbé e ga sí i díẹ̀, kò sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ ní kọ́nà bíi ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá dáa, mo fọwọ́ sí i.

Ẹ́ńjìnnì kò le. Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, kẹ́ ẹ wo aago ọ́ìlì: tẹ́ ẹ bá ń sáré, ó yẹ kó wà ní nǹkan bí 50 sókè. Bí jíà bá ní overdrive, ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní jíà kẹrin; òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi lójú títì márosẹ̀, ó sì tó ohun tí èèyàn ń fi owó kún owó lé lórí. Kò sí ẹ̀rọ tó ń bá yín yí sitiárìn, nítorí náà ẹ máa mọ̀ ọ́n lápá. Tó bá le kọjá bó ṣe yẹ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ti fi gírísì sí ìdí táyà iwájú. Gírísì yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá 3,000 máìlì kí wọ́n tó tún un fi sí i, ẹni tí kò bá sì rántí á fi owó gidi pààrọ̀ irin tí táyà fi ń yí.

Ní ti ìwé, ohun kan ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni ọkọ̀. Ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà inú ìwé wé ti ara ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún kì í san owó orí mọ́ tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ àtijọ́, kì í san ULEZ, owó èéfín ọkọ̀ ní London, bẹ́ẹ̀ láti 2018 kò sí òfin tó ní kó ṣe MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, bí wọn ò bá ti yí i padà jù. Mo bẹ yín, ẹ ṣe MOT náà síbẹ̀. Bíréèkì àtijọ́ ni, ojú ẹlòmíì lórí rẹ̀ lọ́dọọdún lè gba ẹ̀mí là. Ẹ tún lọ wo àkọsílẹ̀ MOT rẹ̀ látẹ̀yìnwá lórí ìkànnì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Bí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò bá ti kọ ọ́ rí pé irin ti ń jẹrà, tí kò sì sí ìwé àtúnṣe kankan, ẹ ti rí ìdáhùn. Epo E10 tó dé ilé epo ní 2021 kò dáa fún rọ́bà tí epo ń gbà kọjá nínú ọkọ̀ yìí. E5 ni kẹ́ ẹ máa rà.

Ibo lọkọ̀ náà máa sùn? Èyí ni ìbéèrè tí mi ò kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò kọjá. Bẹ́ ẹ bá ń gbé nínú fúláàtì, tó jẹ́ ojú títì ni ẹ ó máa gbé e sí láti October dé March, ẹ wá ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ní òrùlé kẹ́ ẹ tó wá ọkọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò gbà pẹ̀lú yín lórí iye tí ọkọ̀ tó, kó wà lákọsílẹ̀, torí bí kò bá sí níbẹ̀, iye tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n máa san.

Àwọn ará ilé náà máa ń pè mí láti Èkó. Ọ̀pọ̀ MGB ni wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, sitiárìn tiwọn sì wà lápá òsì, èyí tó bá Nàìjíríà mu láti 2 April 1972 tí a ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ wá èyí tó gbé ní California tàbí Arizona, níbi tí òjò kò ti pọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe láti 1975 fún Amẹ́ríkà, kabúrétọ̀ kan ṣoṣo ló ní dípò méjì, agbára rẹ̀ sì kéré gan-an. Ẹ lè padà fi méjì sí i. Afẹ́fẹ́ òkun Èkó ní iyọ̀ nínú bíi títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté, kẹ́ ẹ tó gbé e jáde lọ ṣe fàájì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún ìda olómi sínú àpótí abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, kí wọ́n sì rí i pé àwọn ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ rẹ̀ kò dí.